Ìbọ̀wọ́ Méjì Fẹ̀yìntọlá

Láti ọjọ́ tí kòrónà ti wọ Àbújá ni Fẹ̀yìntọlá, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìkìrun tó ń gbé Ushafa, ti ń wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra, tó sì ń fi pílásítà lẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ pa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìyá Oníbọ̀wọ́. Kò bínú. Ó ní ẹni tó bá ń wá sàréè kó máa fọwọ́ lásán kiri.

Ìbọ̀wọ́ ò pọ̀ ní wọ́ọ̀dù wọn, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ bọ́ tiẹ̀ láàrin àwọn tó ń wúkọ́. Nítorí náà, bí Fẹ̀yìntọlá bá kúrò ní bẹ́ẹ̀dì kan, sànìtáísà ló ń fi pa ìbọ̀wọ́ òkè, á bọ́ sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pè é ní ìmọ́tótó.

Nínú àwọn aláìsàn rẹ̀, Bùsàrí ni Fẹ̀yìntọlá fi ń yangàn jù. Bíríkìlà ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń fa afẹ́fẹ́ inú sílíńdà. Àyẹ̀wò wá sọ pé kòrónà ti lọ, pé Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò relé. Ní Sátidé, ibà dé. Abẹ́rẹ́ ò ràn án. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, ara aláìsàn méjì mìíràn ti ń gbóná bákan náà.

Ṣìmí, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì fi òwú nu ìbọ̀wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lọ yẹ̀ wò. Ọjọ́bọ̀ ló padà wá.

"Àǹtí, kì í ṣe kòrónà. Fọ́ńgọ́sì ni, inú ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà."

Ẹnu ya Fẹ̀yìntọlá. Irú nǹkan tó ń mú búrẹ́dì bu, nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn? "Níbo ló gbà wọlé?"

Ṣìmí ò wo ojú rẹ̀. "Ara gílọ́ọ̀fù yín la ti rí i, Àǹtí. Sànìtáísà yẹn ò tó."

Fẹ̀yìntọlá jókòó. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Oògùn fọ́ńgọ́sì náà ò sí nílé ìwòsàn, kí wọ́n sì tó rí i rà, Bùsàrí kú láàárọ̀ Jímọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì, ó gbé bùbá tó lọ̀ dáadáa sápá, èyí tí ọkọ rẹ̀ yóò wọ̀ relé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nǹkan ti yí. Fẹ̀yìntọlá ni wọ́n rán sí i. Kó tó lanu, obìnrin náà ti kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Sísítà, ọkọ mi sọ fún mi lórí fóònù pé ọwọ́ yín ló gba àwọn là. Ọwọ́ yìí ò ní rọ."

Fẹ̀yìntọlá fẹ́ fa ọwọ́ yọ, obìnrin náà ò jẹ́.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti lọ. Àìsàn tó pa wọ́n, ọwọ́ yìí ló gbé e dé bẹ́ẹ̀dì wọn. N ò mọ̀."

Obìnrin náà ò sunkún. Ó tú ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá sílẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì nu ọwọ́ tirẹ̀ sára bùbá ọkọ rẹ̀.