Ọkùnrin Tí Kò Dáhùn Ìkíni Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń lu òkúta dé ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa, lójú ọ̀nà tó lọ sí Adígbẹ. Ogun Jámánì ti parí láti bí ọdún mélòó kan. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà tuntun, àpáta ńlá kan sì dùbúlẹ̀ gan-an síbi tí ọ̀nà náà máa gbà. Ẹ̀rọ kan wà nílẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà gígùn, irin sì wà lẹ́nu rọ́bà náà, tí ọkùnrin kan á dì mú tọwọ́tọwọ́, tí yóò máa gún òkúta títí ihò á fi wọnú rẹ̀. Tí irin yẹn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣọ́ọ̀kì á máa jó lórí tábìlì mi. Tíṣà ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ogún ọdún, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ́tótó. Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni mo ya àwòrán etí sójú pátákó, tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi igi ìgbálẹ̀ ro etí. Nígbà tí ariwo náà pọ̀ jù, mo ní kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé tó wà lápá ibẹ̀. Ooru mú wa, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ọgbọ́n tí mo dá. Àfẹ́sọ́nà mi sì ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń di irin náà mú. Mo ti fèrèsé nítorí etí ọmọ ọlọ́mọ, n kò ronú kan etí tirẹ̀ rárá.

Ó ti ń bá ẹ̀rọ náà bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lápá Owódé, níbi tí wọ́n bí i sí. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyẹn nídìí irin. Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ni apá rẹ̀ ká a, nítorí náà àwọn mẹ́rin tó ń ṣe é máa ń yan bí ọba láàárín àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, èmi náà sì ń bá wọn yan. Bàbá mi, tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì tó ti fẹ̀yìn tì, kò ka agbára apá sí nǹkan kan. Ohun tó fi gbà kí ọmọkùnrin náà fẹ́ mi ni pé ó mọ àgbà í kí. Ìbáà ṣe nínú òjò, ìbáà ṣe nínú ẹrẹ̀, bó bá ti rí àgbàlagbà, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá mi sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé ó ti pẹ́ tí òun ti rí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó sì gba ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Bíbélì àti òrùka ti dé ilé wa. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni a ń retí kó kọjá kí a tó ṣe ìgbéyàwó.

Òyìnbó kan ni ọ̀gá iṣẹ́ wọn. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ṣíwọ́, òwú funfun ló máa ń wà létí òyìnbó yìí, ó máa ń kì í wọlé dáadáa bí ẹni ń dí ẹnu ìgò. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní etí rẹ̀ rọ̀ bí ẹyin aláǹgbá. Àfẹ́sọ́nà mi mọ̀ ọ́n sín jẹ. Á ká ewé sínú etí méjèèjì, á na ọrùn, á máa rìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀, èmi á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Èmi tí mo kàwé, tí mo ya etí sójú pátákó, n kò bi ara mi léèrè ìdí tí ẹni tó mọ ẹ̀rọ yẹn ju gbogbo wa lọ fi ń dí etí tirẹ̀. Ọkùnrin yẹn mọ̀. Ó mọ̀, ó dákẹ́, ó ń wo àwọn ọmọ ènìyàn nídìí irin láti ọdún dé ọdún. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, inú mi ń ru.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà tiẹ̀ gbìyànjú lọ́jọ́ kan, ó fi àkísà dí etí. Fọ́mánì wọn, ọmọ ilẹ̀ wa, ní kó yọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní ẹni tó dí etí kò ní gbọ́ tí òun bá pè é. Irọ́ gbuu ni. Bí irin bá ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ìpè ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bí àrá sán wọn ò ní mọ̀. Láàárín àkókò náà ni àfẹ́sọ́nà mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé bí òun bá délé, ńṣe ni nǹkan ń han nínú etí òun bí ìrẹ̀. Ó fi ṣe àwàdà, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo já òwú díẹ̀ nílé, mo gbé e fún un. Ó dá a padà fún mi.

Ó ní, “Tí mo bá dí etí, tí àgbàlagbà kan bá kọjá, tó ní ẹ kú iṣẹ́, tí n kò dáhùn ńkọ́? Wọn á ní wọn ò kọ́ mi nílé.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé lọ́dọ̀ wa. O kò gbọ́dọ̀ kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i, òun náà kò sì gbọ́dọ̀ ṣàìdáhùn. Ẹ̀gbẹ́ àpáta yẹn sì ni àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ìdáhùn rẹ̀ dùn mọ́ mi débi pé mo lọ rò ó fún bàbá mi, bàbá mi sì súre fún un. Báyìí ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, olóye ènìyàn, ṣe jókòó tí a ń yin ohun tó ń ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà. Bàbá mi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó sọ fún wa pé òun gba ẹ̀yìn àfẹ́sọ́nà mi kọjá níbi iṣẹ́, pé wọ́n ti pa ẹ̀rọ, pé òun kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò sì tilẹ̀ yí ojú padà. A bẹ̀ ẹ́. A ní bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún ṣẹlẹ̀, lójú àwọn àgbà ìjọ méjì. Èmi fúnra mi ti ń bínú sí i nígbà náà, nítorí pé bí a bá ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń jágbe mọ́ mi bí ẹni tó wà ní òdìkejì Odò Ògùn. Mo pè é láti ẹ̀yìn lọ́jọ́ kan, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Mo gbà pé ìgbéraga irin ti gùn ún.

Bàbá mi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá àfẹ́sọ́nà mi ní Owódé. Wọ́n dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, a jókòó sí pálọ̀. Bàbá mi ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì ní kó fẹnu ara rẹ̀ wí tẹnu rẹ̀. Ọmọkùnrin náà kàn ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹnìkan dé orí ẹlòmíràn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Bàbá mi ní ẹni tí kò lè dá òun lóhùn kò lè fẹ́ ọmọ òun. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé Bíbélì àti òrùka sí àyà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín náà tó kúrò lójú rẹ̀. Ó kó wọn, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó jáde.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí ojú mi tó là. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni, wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, mo ń wo àwọn onírin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n jókòó síbi òjìji àpáta, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀bà. Ẹni ọ̀tun kan ti gbapò ọ̀kan nínú wọn, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nídìí iṣẹ́. Àwọn mẹ́ta yòókù ń jágbe mọ́ ara wọn, orúnkún wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara. Olúkúlùkù wọn ń tẹjú mọ́ ẹnu ẹnìkejì. Mo wá rò ó pé ṣé ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ́ ọmọ mẹ́ta ní ìwà kan náà ni? Mo wọlé, mo mú agogo ọwọ́ tí a fi ń pe àwọn ọmọ wọ kíláàsì, mo rọra rìn lọ sẹ́yìn wọn, mo sì lù ú.

Ẹni ọ̀tun yẹn fò sókè. Àwọn mẹ́ta tó kù ń jẹ ẹ̀bà lọ.

Mo tún lù ú. Ìgbà tí ẹni ọ̀tun nawọ́ sí mi ni wọ́n tó wẹ̀yìn. Àfẹ́sọ́nà mi rí mi pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, ó sì yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó sorí kọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún wa.

Ó ní, “Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ pè mí ní aláfojúdi ju kí ẹ pè mí ní adití.”

N kò lè sọ bí inú ṣe bí mi tó lọ́jọ́ yẹn. Mo gba ibẹ̀ lọ bá òyìnbó náà níwájú àgọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí n dúró ná, ó yọ òwú etí ọ̀tún, ó yọ tòsì, kó tó lè gbọ́ ohun tí mo ń wí. Mo ní ohun tí o yọ sọ́wọ́ rẹ yẹn ni mo bá wá, kí ló dé tí ìwọ nìkan fi ní in? Ó dá mi lóhùn jẹ́jẹ́ pé àwọn ènìyàn wa kò kọ ariwo, pé inú ìlù àti ìhó ni wọ́n bí wa sí, etí wa ti yi. Mo bi í pé ta ló wọn ọ́n. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé, ó sì dá òwú rẹ̀ padà sétí.

Ilé ni mo gbà lọ, n kò kí bàbá mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn láyé mi. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi níwájú rẹ̀, mo ní, “Ẹ̀yin lẹ ní ìkíni ju etí ọmọ ènìyàn lọ. Ó fún yín létí rẹ̀ kó lè máa dá yín lóhùn, ẹ wá lé e nítorí pé kò ní etí mọ́.” Mo retí kó là mí mọ́lẹ̀. Bàbá mi dìde. Ó wá ní kí n fún òun ní fìlà òun.

Ọ̀dọ̀ àwọn onírin ló lọ. Ó dúró níwájú àfẹ́sọ́nà mi, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí ẹnu òun, àgbàlagbà náà sì ni ó kọ́kọ́ kí ọmọdé. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá níbi àpáta kò gbọ́dọ̀ fẹnu kí àwọn onírin mọ́. Kó na ọwọ́ sókè, kí àwọn náà na ọwọ́, ó parí, kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Ó bá àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí sọ ọ́, wọ́n gbà. Èmi àtàwọn tíṣà obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ro òwú pọ̀ mọ́ òrí, a ń ká a bí hóró àgbàdo láti fi dí etí. Nígbà tí fọ́mánì ní òun kò fẹ́ rí i, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi irin sílẹ̀ lórí òkúta, wọ́n jókòó. Òkúta kò lè fọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, òyìnbó ní kí wọ́n dí etí wọn kí wọ́n sì máa gbà á fún ara wọn ṣe, kí ẹnìkan má wà nídìí irin láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹni ọ̀tun yẹn gbọ́ràn dáadáa títí ó fi darúgbó.

Ti àwọn mẹ́ta yòókù ti bọ́ sórí. Òwú kì í dá ohun tó ti lọ padà. Ìkórè ọdún kejì ni a ṣe ìgbéyàwó wa, mo sì tẹ ọwọ́ rẹ̀ níwájú pẹpẹ kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé òun gbà. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí fún un. Kò gbọ́ ẹkún ọ̀kankan nínú wọn. Àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń gbé lé àyà wọn lórí ibùsùn láti mọ̀ bóyá wọ́n ń sunkún. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé ó ti pẹ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́, ọkọ mi pàápàá ti lọ sinmi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó fi ìdí tó fi yẹ kí n dárí ji òyìnbó yẹn àti fọ́mánì hàn mí.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ń fọ́ kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí mo ń gbé ní Kútọ̀ báyìí. Àwọn ọkùnrin méjì ló wà nídìí ẹ̀rọ, etí wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo fi ọ̀pá rìn lọ bá ọ̀gá wọn, mo bi í léèrè. Ó kí mi dáadáa, ó ní kí n má yọnu, “Ìyá, ariwo yìí ti mọ́ wọn lára.”

Mo ní, “Kò mọ́ wọn lára. Wọn ò gbọ́ ọ mọ́ ni.”