Imú Ìyàwó Mi àti Epo Ọkọ̀ Wa

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ra ọkọ̀ kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìwó níbí, ẹni tó fẹ́ràn eré àsápajúdé. Ó ti so àpótí kékeré kan mọ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí ń pàṣẹ iye epo tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mu. Àṣẹ náà ti pọ̀ jù. Bí ọkọ̀ bá ti ń rọra lọ, òórùn epo á gba inú rẹ̀ kan.

Ìyàwó mi kò lè fara dà á. Lọ́fínńdà olóròóró ló ń pò fún àwọn tó ń lọ sí Jímọ̀. Imú rẹ̀ mọ ohun tí tèmi kò lè mọ̀ láéláé. Orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè gun ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ arúgbó wà ní Ilé-Ogbó, ó sì ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti fojú kan ara wọn.

"Bàbá," ìyàwó mi wí fún mi, "bí mo bá tún bì sínú ọkọ̀ yìí, n kò wọ̀ ọ́ mọ́. Kí ẹ máa bá mi kí Ìyá."

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ àpótí náà, nọ́ńbà sì kún ojú kọ̀ǹpútà náà ní ìlà-ìlà bíi rẹ́jísítà kíláàsì. Àwọn ìlà òkè wà fún ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, àwọn ti ìsàlẹ̀ fún ìgbà tó bá ń sáré. Ó dín gbogbo wọn kù lẹ́ẹ̀kan náà. Òórùn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dán an wò lórí òkè kan lọ́nà Olúpọ̀nnà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó sì kú. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá kígbe pé, "Bàbá, ẹ fún un lágbo mu!"

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyàwó mi jọ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

"Ìlà òkè nìkan ló ń pariwo," mo sọ fún un. "Kí ló dé tí o na gbogbo kíláàsì?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ̀ mú. "Tíṣà, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Ẹnì kan ló súfèé ní kíláàsì lọ́jọ́ kan, gbogbo wa lẹ nà. Ẹ ò tiẹ̀ béèrè."

Mo fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó má bínú, ló bá dọ̀bálẹ̀ kíá, ó ní kí n dákun, kí n má bẹ òun mọ́, kí àwọn èèyàn má baà rò pé òun kò mọ àgbà.

"Ó dáa, dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, jẹ́ ká béèrè ná."

Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tó lè fi yẹ èéfín wò. Ìyàwó mi, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ní, "Imú mi ńkọ́?"

Ó jókòó síwájú. Mẹkáníìkì gbé kọ̀ǹpútà lé ẹsẹ̀ lẹ́yìn. A kọjú sí ọ̀nà Olúpọ̀nnà, èyí tó lọ títí dé Ilé-Ogbó.

"Ó ti dé," ìyàwó mi á wí, mẹkáníìkì á sì sàmì sí ìlà tí ẹ́ńjìnnì wà. "Ó ti lọ."

"Màmá, ìlà yẹn ò ní nǹkan kan o."

"Ṣé imú tìẹ ni àbí tèmi?"

Ó dín ìlà yẹn náà kù. A dúró, a tún lọ, bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin. Nígbà tó yá, ìyàwó mi dákẹ́ pátápátá. Mo yíjú sí i.

"Ṣé o fẹ́ bì ni?"

"Mo ń wá a ni. N kò rí i mọ́."

Ọkọ̀ gun òkè náà láìwúkọ́. Mo dẹwọ́ eré, mo fẹ́ yí padà.

"Ibo lẹ ń lọ?" ìyàwó mi bi mí.

"Ọmọ yìí níṣẹ́ nílẹ̀."

"Tíṣà," mẹkáníìkì wí látẹ̀yìn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Ẹ má jẹ́ kí Màmá lé mi bọ́ sílẹ̀."

Ní Ilé-Ogbó, ìyá ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ kò tíì dúró tán tí ìyàwó mi ti ṣí ilẹ̀kùn. Ìyẹn kò dára, mo sì sọ fún un. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti wà lórí orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ìyá rẹ̀ sì ń fa apá rẹ̀ pé kó dìde, kó dìde.