Obìnrin Onídà Tí Wọ́n Rí sí Inísà

Àṣà kan wà nínú ìjọ tí màmá mi ń lọ ní Ìkìrun. Ọmọ kò gbọdọ̀ lọ́kọ àfi bí àwọn aríran bá kọ́kọ́ bá a wo ọ̀nà. Wọ́n á gba orúkọ ọkùnrin, wọ́n á gba ti obìnrin, wọ́n á gbààwẹ̀. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá rí, ìbáà jẹ́ lójú oorun, ìbáà jẹ́ níbi tó ti ń fọ abọ́, dandan ni kó sọ ọ́, kò sì sí ohun tí wọ́n rí tí kò ní ìtumọ̀. Bí wọ́n bá rí ewúrẹ́, ìtumọ̀ wà. Bí ewúrẹ́ náà bá wúkọ́, ìtumọ̀ mìíràn tún nìyẹn. Ìjọ Áńgílíkà ni bàbá wa fi tọ́ wa dàgbà. Lẹ́yìn ikú wọn ni màmá mi wọ sùtánà funfun. Èmi ò bá wọn lọ. Tíṣà ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìran tí mo ń rí lójoojúmọ́ nínú kíláàsì mi ti tó mi.

Àbúrò mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn wa, ló fẹ́ lọ́kọ. Ọmọ Inísà ni ọkùnrin náà, Òkukù ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ máa gbé. Kò sí ẹ̀sùn tí a lè fi kan ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ni wàhálà. Opó ni wọ́n, oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi tọ́ ọmọ wọn kan ṣoṣo, wọn ò sì mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá sílé wa, wọ́n jẹ ìrẹsì tí màmá mi sè, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ò sí nínú ọbẹ̀ yìí." Màmá mi rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn dáadáa. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbé orúkọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n gbààwẹ̀, wọn ò rí aburú kankan. Aríran kan rí omi tó mọ́ gaara, inú sì bí màmá mi sí omi náà. Ni wọ́n bá fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí Wọ́ọ̀sáàpù: "Ẹ bá wa wò ó o. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ má fi pa mọ́."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi kan wà lókè òkun, obìnrin ni, ó máa ń fi káàdì aláwòrán kan woṣẹ́ ṣeré. Nígbà tó gbé e wálé, a rò pé wọ́ọ̀tù ni, a ń bi í pé èwo ni jẹ́nẹ́rà mákẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́ ohùn màmá mi, ó fa káàdì kan yọ, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú gbólóhùn kan péré: "Màmá, ohun tí mo rí rèé."

Obìnrin kan ló jókòó sórí ìtẹ́, ó dé adé. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé idà sókè ṣánṣán, ó na ọwọ́ òsì síwájú. Labalábá wà lára adé, ojú ọmọdé kan wà tí wọ́n gbẹ́ sára ìtẹ́, ẹyẹ kan sì ń fò lókè.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò náà ti dé orí fóònù gbogbo àwọn ìyá ìjọ. Mo bi màmá mi pé láti ìgbà wo ni ènìyàn ti ń ya fọ́tò ìran. Wọ́n ní òkè òkun ni, ẹ̀rọ tibẹ̀ lágbára.

Ìtumọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí omi. Ẹyẹ? Ta ni kò mọ ohun tí ẹyẹ ń jẹ́? Labalábá? Ẹyẹ ni òun náà, ó kàn para dà ni. Ojú ọmọdé yẹn, ọmọ tí àbúrò mi kò tíì bí ni, wọ́n ti dè é mọ́ àga. Ọwọ́ òsì sì rèé, ó ti nà án láti gba ìyàwó.

Mo pe ọmọ tó fi káàdì ránṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ó ní ìdílé mẹ́rin ló wà nínú káàdì náà, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ọba, ayaba, ẹlẹ́ṣin àti ẹmẹ̀wà, àwọn ará ààfin yìí ló sì máa ń dúró fún ènìyàn. Ayaba onídà jẹ́ obìnrin tó ti rí ìbànújẹ́. Opó ni wọ́n sábà máa ń pè é. Idà rẹ̀ kì í ṣe ti ogun, òtítọ́ ni, ó fi ń gé irọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ọwọ́ tó nà síwájú, àlejò ló fi ń pè. Labalábá ń sọ pé ìyà tó jẹ ẹ́ ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn, ẹyẹ sì ni èrò rẹ̀ tó ń fò níbi tí ojú ọ̀run ti mọ́.

Mo sáré gbé àlàyé náà tọ màmá mi lọ. Wọ́n wò mí tàánútàánú. "Opó tó gbé idà dání, tó ń sọ òtítọ́ sójú ènìyàn. Ìwọ náà sì tún ń bi mí pé ta ni?"

Báyìí ni mo fi ẹnu ara mi ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Àwọn ìyá ìjọ ní kí àbúrò mi gbàgbé ọkùnrin náà, àfi bí àwọn bá lọ gba idà lọ́wọ́ obìnrin ọ̀hún nínú ẹ̀mí, lójúde rẹ̀ gan-an. Àbúrò mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bí ìrìn yẹn bá bàjẹ́, ìgbéyàwó bàjẹ́ nìyẹn.

A wọ ọkọ̀ lọ sí Inísà: màmá mi, àbúrò mi, èmi, àti ìyá ìjọ méjì tí wọ́n wọ sùtánà, tí wọ́n gbé agogo àti ìgò omi dání. A dé ojúde, a kí onílé. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá Inísà wà, wọ́n ń gé ẹ̀gẹ́. Bí wọ́n ṣe gbóhùn wa, inú wọn dùn, wọ́n sáré yọ síta tàdátàdá. Àdá wà lókè ní ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì nà sí wa. "Ẹ wọlé! Ẹ wọlé!"

Ìyá ìjọ kan pariwo ẹ̀jẹ̀ Jésù. Èkejì ò pariwo, ó ju agogo sílẹ̀. Wọn kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, ẹsẹ̀ wọn sì fúyẹ́. Etí títì ni wọ́n ti wẹ̀yìn.

"Kí ló dé? Ṣé ejò ni?" ni ìyá Inísà wí.

Àbúrò mi ló gbé fóònù jáde. Ó kúnlẹ̀, ó fi fọ́tò hàn wọ́n, ó ro gbogbo rẹ̀ láìfi ẹyọ kan pamọ́. Ìyá Inísà gbé fóònù súnmọ́ ojú.

"Èmi lẹ ní mo wà níbí yìí? Eléyìí mà pupa jù mí lọ." Wọ́n yíjú sí màmá mi. "Ìyá ìyàwó, ṣé àjẹ́ lẹ pè mí ni, àbí ẹ ò kàn fẹ́ kí ọmọ yín lọ? Ẹ mú ọ̀kan. Èyí tó bá jẹ́ irọ́, ẹ jẹ́ ká pa á tì."

Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Àmọ́ màmá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà, ohùn wọn sì wálẹ̀ pátápátá.

"N ò pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́. Òun nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. Bó bá ti lọ, inú ilé yẹn, èmi pẹ̀lú ògiri ló kù."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Gbogbo ààwẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́," ni ìyá Inísà wí. "Òkukù ò jìnnà. Ẹ máa lọ kí wọn. Kò ní pa yín."

Màmá mi nu ojú. Wọ́n ní ó dáa, kí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó tó bá wù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ọmọ kan ṣoṣo lẹ bí, Òkukù lòun náà ń gbé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀?"

Ìyá Inísà fi àdá lélẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò sì nù ún. Màmá mi sún lórí bẹ́ńṣì náà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún wọn.