Ohun Tí Ìwé Ìròyìn Kò Kọ

Nígbà tí bàbá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Toronto, ó máa ń jókòó ti ọmọ mi obìnrin bó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń sọ ìtàn àwọn olórin rọ́ọ̀kì kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n máa ń ba òtẹ́ẹ̀lì jẹ́ láyé àtijọ́. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ní, "Àwọn wọ̀nyí ló ju tẹlifíṣọ̀n láti ojú fèrèsé. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ mi ló bà."

Mo mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó ń kàwé. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ti rọ.

Bàbá mi ní, "Oníròyìn kan ya fọ́tò mi ní ọsibítù. Ó ní àwọn máa gbé e jáde. Bá mi wá a lórí kọ̀ǹpútà rẹ."

Mo ka ìwé ìròyìn àtijọ́ títí ojú fi ń ta mí. Wọ́n kọ orúkọ ọtí tí àwọn olórin náà mu, wọ́n kọ àwọ̀ bàtà wọn. Nípa ọjọ́ tí wọ́n ju tẹlifíṣọ̀n yẹn, gbogbo wọn ló kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó fara pa.

"Ṣé o rí i?"

"N kò rí i, Dádì."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó, sà."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bo ti òsì. Láti ìgbà náà, inú yàrá rẹ̀ ló ń jókòó sí, tó kọjú sí ògiri.