Ọfà Wíwúwo Tí Wọ́n Nà Sí Mi Nínú Ọyẹ́

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ọyẹ́ mú débi pé igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́nu oko mi, tí mo máa ń fẹ̀yìn tì lójoojúmọ́, n kò rí i títí mo fi fi iwájú orí kàn án. Gbogbo ayé funfun. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là, èémí mi ń jáde bí èéfín.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ojú ọjọ́ ni, kì í ṣe ojú oorun. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti mu ẹ̀kọ gbígbóná kí n tó kúrò nílé. N kì í mu ọtí. Ìwé mẹ́ta péré ni mo sì kà. Ẹni tó kàwé jù bẹ́ẹ̀ lọ ló lè rí irọ́ hun. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tí ojú mi rí ni.

Wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́. Inísà ni mo ń gbé, oko mi wà lápá ọ̀nà Òkukù. Ọkọ mi ti kú. Èbù iṣu tí mo kó sínú ọgbà lóko ni gbogbo ohun tí mo ní tí mo máa fi dáko lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìmàdò kan wá ń wọ ibẹ̀. Akọ ni, àgbà ẹran, eyín rẹ̀ yọ síta bí abẹ. Láàárọ̀ mẹ́rin, ó ti jẹ ìdajì èbù mi.

Bó bá jẹ ìyókù, oko ti parí nìyẹn. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Ìkìrun ti ń sọ ọ́: "Ìyá mi, ẹ wá jókòó tì wá." Ẹ̀yin náà mọ ohun tí jókòó-tì-wá jẹ́. Àga kan lẹ́bàá ògiri, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá fún èèyàn bí aláìsàn. N kò tíì ṣe tán láti jókòó.

Ọdẹ ni bàbá tó bí mi. Ìbọn ló bú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà èwe rẹ̀, ó gé àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ó kọ ìbọn sílẹ̀, ó di ọlọ́fà. Kò lè fa ọrun líle mọ́, nítorí náà ọrun tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n ló ń lò. Ọfà ló wá ń gbé ẹrù lé. Á fi wáyà bàbà wé ọrùn ọfà, lẹ́yìn irin rẹ̀, ìlọ́po lórí ìlọ́po, á fi ìda oyin rẹ́ ẹ, kí orí rẹ̀ lè wúwo. Ọwọ́ òsì ló fi ń so ó, kókó rẹ̀ a sì máa kọjú sí òdìkejì ti gbogbo ayé.

Ó máa ń sọ fún mi pé, "Jẹ́ kí òmìrán ju ìyẹ́ adìẹ lù ọ́, kí ọmọdé ju òkúta lù ọ́. Èwo ló máa dùn ọ́?"

Ó gbẹ́ ọrun kan fún mi kí n tó relé ọkọ. Fífà rẹ̀ kò ju kí èèyàn fa korobá omi tí kò kún láti inú kànga. Nígbà tó kú, ọfà mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún mi.

Àṣìṣe mi nìyí. Àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Agùntáṣọọ́lò, torí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ní ọrun tó le débi pé wọ́n ń bá a tẹ̀ ẹ́ kó tó so ọsán, okùn rẹ̀, mọ́ ọn. Ọfà rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ó ti ta ìmàdò yìí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ṣẹ́ mọ́ ọn léjìká, èkejì rọ̀ sára awọ títí ẹran fi gbọ̀n ọ́n dànù. Síbẹ̀, nígbà tó rí ọrun mi, ẹ̀rín ló pa á.

"Ìyàwó, ọrun ọmọdé yìí? Pẹ̀lú ọfà tó wúwo tó báyìí? Iwájú ẹsẹ̀ ẹ ló máa já sí! Tú ẹrù yẹn kúrò, jẹ́ kó fò."

"Ẹ ṣeun, Agùntáṣọọ́lò. Màá rò ó."

Mo rò ó, mo rò ó sódì. Mo tú wáyà kúrò lára ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kì í da nǹkan nù, mo fi ọ̀kan nínú wáyà náà so kókó orí ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ mi tó ti yọ. Lówùúrọ̀, mo mú ọfà méjì, mo fi ẹ̀kẹta ti ògiri ìdáná. Mo ti ilẹ̀kùn ìdáná pa, mo so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí.

Kí n padà sídìí ọ̀pẹ. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i, kàù, kàù, ó ń jẹ èbù mi. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mi. Mo ta á. Ọfà náà yára bí ẹyẹ, ó bá a léjìká, ó ṣẹ́. Ìmàdò gbójú sókè bí ẹni tí eṣinṣin bà lé, ó tún tẹrí bọ iṣu. Ẹ gbà mí gbọ́, ìwọ̀sí yẹn dùn mí ju iṣu lọ.

Mo ta èkejì. Ó wọ awọ díẹ̀, ó jábọ́. Wàyí o, ó kọjú sí mi. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

Mo ki ọwọ́ bọ apó. Òfìfo.

Ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn mi, bí àgbàlagbà tí òtútù mú láyà.

"Ta ló ní kó o tú ẹrù rẹ̀?" Wúyẹ́wúyẹ́ ló sọ ọ́.

Mo rò pé Agùntáṣọọ́lò ló wá fi mí ṣẹ̀sín. Inú bí mi, n kò wẹ̀yìn. Ọwọ́ kan na ọfà sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Mo gbà á. Ó wúwo, ó tutù bí omi inú àmù.

"Dúró. Jẹ́ kó yà."

Mo dúró. Ìmàdò mí fìn-ín, ó yà, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí. Mo fa ọrun. Ọfà yìí kò yára, mo ń wò ó bó ṣe ń lọ, jẹ́jẹ́, láìpariwo. Ó wọ ẹ̀gbẹ́ kan, ó jáde níkejì, ó gúnlẹ̀ sínú ebè. Ẹran náà sáré dé ìdajì poro, ó kúnlẹ̀, ó ṣubú.

Mo kígbe! Èmi ìyá àgbà, mo fò sókè, mo gbé ọrun jó. "Ṣé ẹ rí i! Agùntáṣọọ́lò, ṣé ẹ rí i!"

Mo yíjú. Kò sí ẹnikẹ́ni. Eruku ọyẹ́ bo ilẹ̀ bí èlùbọ́, ipa ẹsẹ̀ tèmi nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ láti ọ̀nà Òkukù. Agùntáṣọọ́lò ló ń bọ̀. Ó rí ẹran, ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

"Ìyàwó, ta ló bá ẹ pa á?"

"Ọrun ọmọdé ni."

Ó ki ìka bọ ojú ihò, ó yípo, ó tún ki ìka bọ òdìkejì. "Ó jáde?"

"Ó jáde."

Ó ṣí fìlà. "Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ nílé o."

"Inísà á ti gbọ́ kí ẹ tó dìde."

Wọ́n gbọ́! Wọ́n fi orin gbé wa wọlé. Mo fi itan kan ránṣẹ́ sí Ìkìrun, mo ní kí wọ́n sọ fún ọmọ mi pé ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó tì wọ́n ló fi ránṣẹ́.

Nígbà tí èrò lọ tán, mo wo ọfà náà dáadáa. Wáyà bàbà wà lọ́rùn rẹ̀, ìda ara rẹ̀ ṣì rọ̀ nínú òtútù yẹn. Kókó rẹ̀ kọjú sódì. Mo gbé e símú. Ó ń rùn bí irú, irú inú ọbẹ̀ mi.

Mo ṣí ilẹ̀kùn ìdáná fúnra mi. Ọfà kò sí lára ògiri. Ọmọrí wà lórí ìkòkò, kò ní kókó orí mọ́, wáyà rẹ̀ ti lọ. Ìgbà náà ni mo rántí ọwọ́ tó na ọfà sí mi. Ìka mẹ́rin ló dì í mú.

Ẹ gbọ́ tèmi. Bí irinṣẹ́ ẹni tó ti lọ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́yà mú yín gé e kù. Ẹni tó ni ín lè má tíì fọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ra wáyà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Òkukù, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń fi ẹrù sí ọfà tó jábọ́. Agùntáṣọọ́lò yọ, ó fi ọfà mẹ́fà há abíyá bí ẹni tó jí adìẹ gbé.

"Ìyàwó, bá mi fi díẹ̀ sí i."

"Díẹ̀ kẹ̀? Ẹ jókòó."

Mo wé àkọ́kọ́, mo fi ìda rẹ́ ẹ, mo so ó. Ó ń wo ọwọ́ mi.

"Ìgbà wo lo di ọlọ́wọ́ òsì?"

Mo wo ọwọ́ mi. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi ti ká sínú àtẹ́lẹwọ́, n kò mọ ìgbà tí mo ká a. Mo gbìyànjú láti nà án. Kò tètè nà.

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo na ọwọ́ òsì sí i, mo ní, "Ẹ mú ìkejì wá."