Ibi Tí Orí Bàbá Mi Dé

Níbi ìṣeré tí wọ́n pa àgọ́ rẹ̀ sí Peckham Rye nílùú òyìnbó, ọmọ mi obìnrin yin ìbọn ìṣeré, agolo kan sì ṣubú. "Mummy, ó kàn yín!" Mo ní ká máa lọ sílé.

Agolo mílíìkì ni Uncle, àbúrò bàbá mi, ń yìnbọn sí lẹ́yìnkùlé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìbọn ìléwọ́ méjì ló gbé wá. Ó ní èyí tó tóbi ń gbé ọwọ́ òun sókè, ló bá mú kékeré. Òórùn ẹ̀tù gba gbogbo àgbàlá. Ó kọ́kọ́ ń tàsé, àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sé èémí kó tó yìn ín. Mo ń pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ dáadáa, tí Dáddì ẹ bá dúró síbí, ibo ni orí wọn máa dé?"

Mo fọwọ́ kan ògiri. Ó fi ìṣó kan agolo mọ́bẹ̀.

"Rárá, Uncle, wọ́n ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e sókè.

Lọ́sẹ̀ kejì, iwájú orí ni ọta ti bá bàbá mi bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti ṣí géètì wa, èmi sì wà nínú mọ́tò.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án yẹn, Uncle ní ojú mi mú ju tòun lọ. Inú mi dùn títí mo fi sùn.