Síńgílẹ́ẹ̀tì Aláwọ̀ Ẹ̀dọ̀

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín pupa ni ọmọ mi obìnrin rà fún mi ní Ore láàárọ̀ yìí. Mo ṣàròyé títí omi tí mo fẹ́ fi fọnu fi tutù. Gbogbo àwọ̀ tó wà lórí àtẹ, pupa ló rí mú.

Bẹ́ẹ̀ ìgbà kan wà tí mo fẹ́ràn pupa ju ẹran lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Odigbo, ọdún mẹ́jọ ni mo fi kà á. Eré sísá nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n ní ẹni tó bá gba ipò kìn-ín-ní máa gba abọ́ tánńganran olómorí, wọ́n fi mí sí Ilé Pupa, wọ́n fún mi ní síńgílẹ́ẹ̀tì tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Tí mo bá ti rí i, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Ìyá mi ò jẹ́ kó wọlé. Aládùúrà paraku ni. Sutana funfun tó ń gbẹ lórí okùn gba àgbàlá wa kan, òórùn ọṣẹ àti tùràrí ló ń jáde lára gbogbo ẹ̀.

Ó ní, "Pupa ń pe ìjà. Ọmọ mi ò ní gbé ogun wọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ń ta epo, Ìyá."

"Inú lepo ń lọ."

Bàbá mi, tí kò mọ̀ ju oko kòkó àti ọ̀pẹ lọ, gbèjà mi: "Ẹyìn tó bá pọ́n ló ń pe àdá. Pupa túmọ̀ sí pé nǹkan ti tó jẹ." Tíṣà eré wa, ọmọ ìhà Ìbíní, náà ránṣẹ́ pé lọ́dọ̀ àwọn, ìjòyè ló ń wọ pupa. Ìyá mi ní kó gbé e lọ fún ìjòyè.

Mo sunkún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, àánú mi ṣe ìyá mi, ó gbé síńgílẹ́ẹ̀tì náà lọ fún ìyá aláró ẹ̀yìnkùlé wa. Aró bá pupa jà, kò sẹ́ni tó borí. Aṣọ náà jáde bí ẹ̀dọ̀ màlúù.

Ìyá mi ní, "Èyí ò lórúkọ. Wọ̀ ọ́ lọ."

Mo gba ipò kìn-ín-ní. Ilé Pupa ní àwọn ò mọ̀ mí rí. Ilé Búlúù ní àwọn ò bímọ tó rí bẹ́ẹ̀. Tíṣà di abọ́ mú, ó ní, "Ta lo wá sáré fún gan-an?"

Mo ní, "Ìyá mi ni."

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbé abọ́ náà fún mi. Epo pupa ni ìyá mi ń rọ sínú ẹ̀ títí ìdí ẹ̀ fi jò.

Ọmọ tó sunkún nítorí pupa ọjọ́ náà ló di àgbà tó ń sá fún búrọ́ọ̀ṣì yìí. Mi ò wọ sutana mọ́, ẹ̀rù ìyá mi ni mo jogún. Mo ní kí ọmọ mi lọ pààrọ̀ ẹ̀, pé nǹkan pupa ò gbọdọ̀ wọ ẹnu mi.

Ó wò mí títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Bàbá, ahọ́n tẹ́ ẹ fi ń sọ ọ́ yẹn ńkọ́?"